Eyín erin gbígbẹ́ nínú àpótí bàbá àgbà: kí la ó ṣe sí wọn?

Ọmọ Ìsánlú
Ẹ̀yin ará ilé, okun o. A ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnkú bàbá tó bí bàbá mi ní Ìsánlú, a sì ṣí àpótí irin rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tó fọwọ́ kàn nígbà tó wà láyé. Ọmọ ogun Bọ́mà ni bàbá nígbà ogun àgbáyé kejì. Nígbà tí ogun parí, ó wọṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní Èkó, ó kiri ayé dáadáa kó tó padà wálé wá dáko. Àwọn nǹkan funfun gbígbẹ́ kan wà nínú àpótí náà, gbogbo ilé sì ti gbà pé eyín erin ni wọ́n. Ẹ̀gbà ọwọ́ fífẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ohun gígùn kan wà tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, tí obìnrin kan kúnlẹ̀ ní àárín rẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ní ihò. Àwọn erin kéékèèké tò tẹ̀léra lórí afárá kan. Bọ́ọ̀lù kan wà tí bọ́ọ̀lù mìíràn wà nínú rẹ̀, tí òmíràn tún wà nínú ìyẹn. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin arúgbó kan tó gbé ẹja lọ́wọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ, ihò méjì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àbúrò bàbá mi ní ká fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ wọ́n kí wọ́n lè funfun. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀n ní ká fi wọ́n ránṣẹ́ sí òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Oníṣẹ́ Ọnà Kàbà
Okun o. Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún bàbá. Ẹ sáré pe àbúrò bàbá yín kó gbé ọṣẹ sílẹ̀ ná!

Eyín ni eyín erin lóòótọ́. Eyín iwájú ti àgbọ̀n òkè ni, tó hù títí tó fi yọ síta. Ó ní ihò tíntìntín tí ojú ò lè rí, omi sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Tí omi bá wọlé, á wú. Tó bá gbẹ, á sún. Níbi wíwú àti sísún yìí ló ti ń là, omi gbígbóná ló sì burú jù. Ẹ má fi epo pa á, ẹ má fi òróró kùn ún, ẹ má sá a sóòrùn. Oòrùn máa ń mú un funfun ní tòótọ́, ṣùgbọ́n á là á mọ́ ọn. Pípọ́n tí ẹ rí lára ẹ̀gbà yẹn, ọwọ́ àwọn tó wọ̀ ọ́ àti ọ̀pọ̀ ọdún ló fi síbẹ̀, ẹni tó mọyì rẹ̀ kì í fọ̀ ọ́ kúrò. Tí ẹ bá rí ohun pupa nínú ìlà tí wọ́n fín sára èyí tó ní obìnrin lórí ìkúnlẹ̀ yẹn, osùn ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Ẹ má wulẹ̀ fi èékánná kàn án.

Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, tó sì gbẹ, ni kí ẹ fi gbọn eruku rẹ̀, ó parí. Kí ọwọ́ yín mọ́, kó sì gbẹ. Aṣọ òwú funfun ni kí ẹ fi wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe náílọ́ọ̀nù, nítorí ọ̀rinrin á há sínú rẹ̀. Kì í ṣe rọ́bà, nítorí imí ọjọ́ inú rọ́bà máa ń ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́. Aṣọ aláró náà kọ́, torí aró lè ràn án. Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ gbé wọn jìnnà sí fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ̀yin náà mọ irú ọyẹ́ tó ń fẹ́ ní Yàgbà: ilẹ̀kùn ilé gan-an máa ń sún nínú férémù rẹ̀.

Ọlọ́jà Ìyàrà
Ẹ ń dá ara yín láàmú o. Owó gidi ni eyín erin. Mo mọ ẹni tó ń rà á ní Èkó. Ẹ tà á, kí ẹ fi tún òrùlé ilé ìdílé ṣe.

Lọ́yà Ẹ̀gbẹ̀
Ẹ̀gbọ́n Ìyàrà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti ọmọ ọlọ́mọ sínú wàhálà. Ẹ jẹ́ kí n to òfin náà bó ṣe wà.

Àdéhùn àgbáyé kan wà lórí òwò ẹranko àti ewéko tó ń parun lọ, CITES ni wọ́n ń pè é, ọdún 1973 ni wọ́n kọ ọ́, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ní 1974. Ní 1989, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ dìbò pé kí òwò eyín erin ilẹ̀ Áfíríkà láàárín orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn dópin, ìdínà náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 1990. Nílé níbí, òfin 1985 wà lórí àwọn ẹranko tó ń parun lọ, wọ́n tún un ṣe ní 2016, erin sì wà lára àwọn tí wọ́n ka òwò wọn léèwọ̀. NESREA, àjọ ìjọba tó ń rí sí òfin àyíká, ló ń mójú tó o. Ní oṣù kìíní 2024, ìjọba fọ́ eyín erin tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, tọ́ọ̀nù 2.5, wọ́n lọ̀ ọ́ di eruku.

Ti Lọ́ńdọ̀n ńkọ́? Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tiwọn ní 2018, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù kẹfà 2022. Títà eyín erin níbẹ̀ ti di èèwọ̀, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ tó ní ìwé ẹ̀rí. Tí ẹ bá fi ránṣẹ́ láìgba ìwé àṣẹ CITES, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ni yóò jogún bàbá yín. Fọ́tò ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ Lọ́ńdọ̀n.

Òfin kẹta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí: òfin àjọ tó ń bójú tó ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, NCMM, ti ọdún 1979. Ohun ọnà ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 ti di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lójú òfin yẹn. Èyí tí wọ́n bá sì ti lò nínú ètùtù tàbí ayẹyẹ ìbílẹ̀, tó sì ṣe pàtàkì fún ìtàn tàbí ọnà, wọ́n kà á kún un láìka ọdún tí wọ́n ṣe é sí. Ẹ ò lè gbé e jáde nílẹ̀ yìí láìgba ìwé àṣẹ, ẹ ò sì lè tà á fún ẹnikẹ́ni tí àjọ náà ò fún láṣẹ láti rà á.

Ọlọ́jà Ìyàrà
Lọ́yà, ogún bàbá rẹ̀ ni o, kì í ṣe erin tó pa lánàá.

Lọ́yà Ẹ̀gbẹ̀
Oníbàárà yín ní Èkó kò ní béèrè ọjọ́ tí erin kú. Ẹni tó máa béèrè kò sí lọ́jà.

Tísà Mọ̀pà
Ọ̀rọ̀ òfin ti yé wa. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn nǹkan yìí gan-an? Láti inú ohun tí ọmọ Ìsánlú sọ, mo rí ilẹ̀ mẹ́rin nínú àpótí kan ṣoṣo.

Àwọn erin orí afárá: Íńdíà. Àwọn ọmọ ogun wa tó lọ Bọ́mà nínú dífíṣọ̀n 81 àti 82 gba Íńdíà kọjá lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń sinmi. Àwọn ọlọ́jà Íńdíà mọ ohun tí sójà ń rà. Irú afárá bẹ́ẹ̀ pọ̀ káàkiri ayé, egungun màlúù tàbí ti ràkúnmí sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Bọ́ọ̀lù inú bọ́ọ̀lù: Ṣáínà, ní Guangzhou. Odidi eyín kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ṣe ojúlówó rẹ̀, wọn kì í lẹ nǹkan kan pọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ rọ ọ́ di róbótó, wọ́n á lu ihò láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ lọ sí àárín, wọ́n á wá ki irin tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ gba inú ihò wọ̀nyẹn, wọ́n á máa fi gé ìpele kan kúrò lára èkejì, láti inú lọhùn-ún bọ̀ wá síta. Ìpele tó wà lóde ni wọ́n ń fín ọnà sí jù. Iṣẹ́ oṣù lórí oṣù ni.

Arúgbó tó gbé ẹja: Jàpáàn. Netsuke ni wọ́n ń pè é. Aṣọ kimono kò ní àpò, nítorí náà àwọn ọkùnrin máa ń fi okùn so àpò tábà tàbí àpótí òògùn kékeré mọ́ ìgbàdí. Netsuke ló ń há okùn náà lókè kó má bàa yọ bọ́, ìdí nìyẹn tí ihò méjì fi wà lẹ́yìn. Láàárín 1603 sí 1868 ni iṣẹ́ yìí gbòde jù. Tí wọ́n bá ti lò ó rí, okùn á ti jẹ etí ihò náà. Tí etí ihò bá ṣì mú, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún àlejò ní èbúté ọkọ̀.

Èyí tó kù, ilé ni. Ìròkẹ́ Ifá ni ohun tó ní obìnrin lórí ìkúnlẹ̀ yẹn. Orí ṣóńṣó ni babaláwo fi ń kan ọpọ́n láti fi pe Ọ̀rúnmìlà. Ẹ yẹ ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò, nígbà mìíràn ahọ́n kékeré kan máa ń wà nínú rẹ̀ tó ń dún.

Ẹ jẹ́ kí n yà sọ́nà díẹ̀ nítorí ihò yẹn. Bí Ọlọ́run ṣe dá eyín erin nìyẹn: ìdí rẹ̀ tó wà nínú agbárí ṣófo, ẹnu rẹ̀ kún. Ibikíbi tí wọ́n bá ti gbẹ́ ẹ láyé, ìrísí yìí ló ń darí ọwọ́. Ẹni tó bá gé ìdí tó ṣófo ti rí ẹ̀gbà gbà, tàbí agolo olómorí. Ní Kọ́dóbà ní Sípéènì, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ń jọba níbẹ̀, wọ́n fi irú ìdí eyín bẹ́ẹ̀ ṣe agolo kan fún ọmọ ọba tó ń jẹ́ al-Mughira ní 968, ó wà ní Louvre, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Parisi, títí dòní. Àwọn ará Sapi ní Sierra Leone gbẹ́ fèrè ọdẹ àti àwo iyọ̀ fún àwọn Potogí ní nǹkan bí 1490 sí 1530, Bìní náà sì gbẹ́ tiwọn, pẹ̀lú ère Potogí onírùngbọ̀n gígùn lára rẹ̀. Ní Faransé láyé àtijọ́, ère Màríà tí wọ́n gbẹ́ máa ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn ènìyàn ń sọ pé ẹwà ni, bẹ́ẹ̀ sì ni, ṣùgbọ́n eyín ló kọ́kọ́ tẹ̀.

Níbi tí erin ò bá sí, wọ́n á wá eyín mìíràn. Ní 1831 wọ́n rí àwọn ọmọ ayò ṣẹ́ẹ̀sì ní erékùṣù Lewis ní Scotland, eyín walrus, ẹran ńlá inú òkun tútù, ni wọ́n fi gbẹ́ ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ní nǹkan bí 800 ọdún ó lé sẹ́yìn. Àwọn jagunjagun kan wà láàárín wọn tó ń fi eyín gé apata tiwọn fúnra wọn jẹ, inú mi máa ń dùn tí mo bá rí fọ́tò wọn. Ní Jámánì, wọ́n rí ère ọkùnrin olórí kìnnìún nínú ihò àpáta kan ní 1939, eyín mammoth, ìbátan erin tó ti parun, ni wọ́n fi ṣe é. Nǹkan bí 40,000 ọdún ni wọ́n fojú bù ú sí.

Ìyá Adé Ògìdì
Tísà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ sáré kọjá ẹ̀gbà náà, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé òun ló ṣe pàtàkì jù. Ọmọ mi, wò ó dáadáa. Ṣé ó dán lásán ni, àbí wọ́n fín nǹkan sí i lára? Tó bá jẹ́ ìpele méjì tó wọnú ara wọn, tí ọ̀kan ń yí nínú èkejì síbẹ̀ tí wọn ò ṣeé yọ kúrò nínú ara wọn, ọwọ́ Ọ̀wọ̀ tàbí Bìní ni, kí o sì má ṣe fi han ẹnikẹ́ni tí o kò mọ̀. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ gbóná nínú iṣẹ́ yìí débi pé Bìní ń lo iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ní Bìní fúnra rẹ̀, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Igbesanmwan ló ń gbẹ́ ẹ fún Ọba, ọdẹ tó bá sì pa erin, eyín kan di ti Ọba, Ọba ló sì kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti ra èkejì.

Àwa tí ojú wa là ní 1977 mọ ojú Ìyá Ọba Ìdíà ti Bìní lórí gbogbo nǹkan FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ṣe ní Èkó. Eyín erin ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ ní nǹkan bí ọdún 1500 àti díẹ̀ sí i, irin ni wọ́n fi ṣe ẹyinjú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kó o lọ ní 1897, a ní kí wọ́n yá wa fún FESTAC, wọ́n kọ̀. Ọ̀kan wà ní British Museum, ìkejì rẹ̀ wà ní New York.

Oníṣẹ́ Ọnà Kàbà
Ìyá wa, ọdún 1897 yẹn náà ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì, ti Lọ́kọ́jà rìn wá sí Kàbà láti lé àwọn Núpé, wọ́n sì ti ibẹ̀ lọ sí Bídà. Oṣù kìíní nìyẹn. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì mìíràn ti wọ Bìní. Ìgbà tí Núpé ń kó wa lẹ́rú tí wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ló ri ohun iyebíye mọ́lẹ̀ tàbí tó gbé e sá lọ sórí òkè. Eyín erin wà lára ọjà tó ń gba odò Ọya kọjá ní Lọ́kọ́jà nígbà náà. Nítorí náà ẹ má rò pé ohun Ọ̀wọ̀ ò lè dé Ìsánlú, tàbí pé ẹni tó ní ẹ̀gbà náà jí i.

Ọmọ Bùnú
Ẹ̀yin àgbà, gbogbo rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó sọ bí yóò ṣe mọ̀ bóyá eyín erin ni lóòótọ́. Mo ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún nǹkan àtijọ́ ṣe.

Wá gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi, tàbí kámẹ́rà fóònù tó dára, àti tọ́ọ̀ṣì. Ibi tí wọ́n ti gé eyín ní ìbú ni kí o wò: etí ẹ̀gbà, ìdí ìròkẹ́. Tó bá jẹ́ eyín erin, wàá rí àwọn ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń kọjá lórí ara wọn bí àwọ̀n. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò ní fi bẹ́ẹ̀ fi hàn, nítorí náà má wo ẹ̀gbẹ́ kó o sì sọ pé kò sí. Egungun máa ń ní ààmì dúdú kéékèèké tàbí ìlà kúkúrú, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nígbà tí ẹran wà láàyè. Ike kì í ní nǹkan kan, tàbí kó ní ìlà tó lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìkọjá lórí ara wọn. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú mọ̀ pé eyín ní ìlà, wọ́n fi ẹ̀rọ fà á, ó wá gún régé jù. Wo àárín bọ́ọ̀lù náà pẹ̀lú: tí ìlà kan bá yí i ká, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ni.

Ẹnì kan máa sọ fún ọ pé kó o fi abẹ́rẹ́ gbígbóná gún un. Má dán an wò! Tó bá jẹ́ eyín, o ti dá ihò sí ogún. Tó bá jẹ́ celluloid, ó lè gbiná lójú ẹsẹ̀. Irú ike yẹn, John Wesley Hyatt ló ṣe é ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1870, nígbà tí wọ́n ń wá ohun tí wọ́n lè fi rọ́pò eyín erin fún bọ́ọ̀lù bílíádì. Ó ń jó wàràwàrà.

Ọmọ Ìsánlú
Ẹ ṣé, ẹ̀yin ará. Ọṣẹ ti padà sí balùwẹ̀. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo wọn lálẹ́ àná. Àwọn ìlà tó ń kọjá lórí ara wọn wà ní etí ẹ̀gbà, wọ́n sì hàn kedere ní ìdí ìròkẹ́. Ẹ̀gbà kì í ṣe onípele méjì, ó dán, ìlà méjì péré ni wọ́n fín yí i ká. Àwọn erin orí afárá ní ààmì dúdú kéékèèké lábẹ́ ẹsẹ̀. Bọ́ọ̀lù ní ìlà láàárín, ó sì fúyẹ́. Ti arúgbó ẹlẹ́ja, mi ò rí ìlà, mi ò rí ààmì. Etí ihò rẹ̀ ṣì mú.

Wàhálà mìíràn ti dé. Ìyá mi àgbà tó jẹ́ àbúrò bàbá ní ká jó ìròkẹ́ níná, pé ohun òrìṣà ò gbọdọ̀ wà nílé onígbàgbọ́.

Lọ́yà Ẹ̀gbẹ̀
Lọ́dọ̀ wa níbí, míṣọ́nnárì Titcombe dé ní 1908, ọ̀pọ̀ ìdílé ló sì kó ohun Ifá jọ tí wọ́n jó o lẹ́yìn náà. Bàbá yín mọ ìyẹn, síbẹ̀ ó fi èyí pamọ́. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bá màmá sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé kò pọn dandan kó wà nílé: ẹ lè gbé e fún ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kò ní sí lọ́dọ̀ wọn mọ́, kò sì ní di eérú. Mo ti rí ìyá onígbàgbọ́ tí ìyẹn tẹ́ lọ́rùn.

Ìyá Adé Ògìdì
Kó o tó gbé e lọ, jókòó ti màmá náà, kó o fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Bi wọ́n ta ló ń dífá nínú ìdílé yín, ta ló wọ ẹ̀gbà, ṣé wọ́n rántí ìgbà tí wọ́n rí i lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà tó ń sọ pé ká jó nǹkan ló sábà mọ ìtàn rẹ̀ jù. Wọn inú ẹ̀gbà náà pẹ̀lú: tí kò bá gba ọwọ́ àgbàlagbà kọjá, ọwọ́ ọmọdé ni wọ́n ti fi sí i, ó sì lè jẹ́ pé òun ni wọ́n wọ̀ títí dọjọ́ alẹ́.

Tísà Mọ̀pà
Ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wà ní Lọ́kọ́jà, ọ́fíìsì NCMM tó súnmọ́ yín nìyẹn. Ọ̀wọ̀ náà ní tirẹ̀, láti Kàbà ẹ lè gba Ọ̀mùò àti Ìkàrẹ́ débẹ̀, wọ́n sì mọ̀ nípa eyín erin níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé nǹkan náà wọ mọ́tò lọ o. Fọ́tò ni kí ẹ kọ́kọ́ mú lọ: iwájú, ẹ̀yìn, ìdí, inú ihò, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ láìlo fíláàṣì. Arúgbó ẹlẹ́ja, ẹ jẹ́ kí àwọn náà wò ó. Ó lè jẹ́ ike, ó lè jẹ́ èso ọ̀pẹ kan tó ń le bí ó bá gbẹ, tí wọ́n ń kó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Bọ́ọ̀lù, ẹ fún àwọn ọmọdé.

Lọ́yà Ẹ̀gbẹ̀
Ẹ kọ àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ bá nínú àpótí, ọjọ́ tí ẹ ṣí i àti àwọn tó wà níbẹ̀, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Tí ẹ bá gbé ohunkóhun fún ìjọba, ẹ gba ìwé tó sọ bóyá ẹ fún wọn pátápátá ni tàbí ẹ fi pamọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

Ọlọ́jà Ìyàrà
Àwọn erin tó jẹ́ egungun yẹn, òfin ò kàn wọ́n, àbí? Eélòó ni?

Ọmọ Ìsánlú
Ẹ̀gbọ́n, ogun Bọ́mà ni bàbá ti gbé wọn bọ̀. Wọn ò sí fún títà.